Iná Aláwọ̀ Àgbálùmọ̀ Tó Tàn Lójú Ọkọ̀ Tíṣà

Ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀gbàrá, ẹ sì kú ewu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ń wakọ̀ lákòókò yìí mọ̀ pé kíkí tí mo kí i kì í ṣe kíkí ẹnu lásán. Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo rí nínú kòtò láàrin ọ̀sẹ̀ kan, kò sì sí èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bàjẹ́ nínú wọn. Yíyọ̀ ni wọ́n yọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń yọ̀ náà ni ó gba ojú ìwé mi lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe yíyọ̀ ti ayọ̀ o. Ọkọ̀ kì í yọ̀ kí inú olówó rẹ̀ dùn.

Lẹ́tà kan dé ọwọ́ mi láti ọ̀dọ̀ tíṣà kan ní Iléṣà. N kò ní í dá orúkọ rẹ̀, nítorí kò ní kí n dá a. Ìwé náà kún ojú ewé mẹ́rin, ó sì kọ ọ́ geere gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ti ń kà á ni mo ń mí kanlẹ̀. Ó ní òun ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2005. Owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni òun fi rà á, òun kò sì tíì san án tán. Ìyàwó òun ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ lóṣù. Obìnrin náà kò lè jókòó há sínú ọkọ̀ èrò mọ́. Ìdí nìyí tí òun fi ki ọrùn bọ gbèsè.

Ní ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń bọ̀ láti Ìbàdàn, tí òjò ń rọ̀, tí wọ́n ti kọjá Gbọ̀ngán, iná kan ṣàdéédé tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, àwọ̀ rẹ̀ bí ti àgbálùmọ̀ tó pọ́n. Àwòrán ọkọ̀ kékeré kan ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ipa táyà méjì tó rí kọ́rọkọ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀ bí ipa ejò. Kò pẹ́, iná tí wọ́n kọ ABS sí tàn tẹ̀lé e. Ọkọ̀ kò ta gìrì, kò kú, kò pariwo. Ó ń lọ bí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Tíṣà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó tún un sítáàtì. Iná méjèèjì kú. Ó ní, "Ọlọ́run, mo dúpẹ́." Kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n tún fi yọjú.

Láti ọjọ́ náà, mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti wò ó. Èkíní mi orí, ó ní pọ́ǹpù ABS ti kú, ó sì pe owó tí ó tó owó oṣù méjì tíṣà. Èkejì fi èkíní rẹ́rìn-ín, ó ní fíúsì kan báyìí ni òun yóò yọ, iná náà kò sì ní í yọ ọ́ lẹ́nu mọ́ láéláé. Ẹ̀kẹta ní kí ó tètè ta ọkọ̀ náà kí ó tó di gbèsè méjì, òun sì mọ ẹni tí yóò rà á. Èmi bi ara mi léèrè pé ta ni ẹni náà, bí kò bá ṣe òun tìkára rẹ̀?

Tíṣà wá béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Bàbá, ta ni kí n gbà gbọ́ nínú àwọn mẹ́ta yìí?"

Ìdáhùn mi ni pé kí ó má tíì gba ẹnìkankan gbọ́, nítorí kò sí èyí tí ó bi ọkọ̀ náà léèrè ohun tí ń ṣe é. Wọ́n rí iná, wọ́n sì pe owó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí iná yìí jẹ́. Ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ojú kékeré kan wà tí àwọn rewáyà ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa ka bí ẹsẹ̀ ti ń yí. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni òrùka onírin kan wà tó ní eyín bí ayùn. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, òrùka náà kò ní eyín, mágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tò sára ìdérí bíárìn. Bí eyín kọ̀ọ̀kan bá ti ń kọjá ni ojú náà ń kà á, wáyà á sì gbé iye rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọpọlọ ABS. Ọpọlọ yìí ń fi iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wé ara wọn. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, tí ẹsẹ̀ kan fẹ́ dì nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń yí, ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ yẹn fẹ́ wọ́ nílẹ̀, yóò sì máa tú bíréèkì rẹ̀ kí ó tún máa dì í, lọ́pọ̀ ìgbà kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Èyí ni ABS. Bí awakọ̀ bá tẹ tọ́tù nínú ẹrẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan ń yí lásán bí òòyì, ó tún mọ̀. Yóò tẹ bíréèkì fún ẹsẹ̀ yẹn nìkan, yóò sì sọ fún ẹ́ńjìnnì pé kí ó rọra. Èyí ni àwọn òyìnbó ń pè ní traction control. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ń kọ ọ́ ní TRAC, tàbí TCS, tàbí ASR. Èyí tí wọ́n ń kọ ní VSC tàbí ESP ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀: òun ń wo bí a ṣe yí sítíárì, ó ń wo bí ara ọkọ̀ ṣe yí, kí ìdí ọkọ̀ má baà fẹ́ di iwájú nígbà tí a bá ń gba kọ́nà.

Kò sí pọ́ǹpù méjì níbẹ̀, kò sì sí ojú mẹ́jọ. Ojú mẹ́rin kan náà ni gbogbo wọn fi ń ríran. Bí ojú kan bá fọ́, ọpọlọ kò ní gbà láti fi mẹ́ta tó kù máa méfò. Ńṣe ni yóò ti ìsọ̀ rẹ̀, yóò sì gbé iná síta kí olówó ọkọ̀ lè mọ̀ pé òun kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Tíṣà, ẹ̀yin náà mọ ìwé tí olùkọ́ ń kọ sí ọ̀gá ilé-ìwé nígbà tí kò bá lè wá síbi iṣẹ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni iná yìí. Ẹni tí kò bá ka ìwé náà kò lè mọ̀ bóyá orí ní ń fọ́ olùkọ́ tàbí ọmọ rẹ̀ ni ó ń ṣàìsàn. Ẹni tó rí àpò ìwé náà lásán, tí kò ṣí i, tó wá sọ pé olùkọ́ ti kú, ẹ kò ní pè é ní ọlọ́gbọ́n.

Kì í sì í ṣe nǹkan àná. Ní ọdún 1978 ni ABS tí Bosch ti ilẹ̀ Jámánì ṣe wọ ọkọ̀ Mercedes-Benz. Ní 1995 ni ESP dé. Nígbà tí ó yá, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ ẹ̀gbọ́n náà di dandan fún gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ọdún 2012 síwájú. Ní Yúróòpù, gbogbo ọkọ̀ tuntun láti oṣù kọkànlá ọdún 2014. Òjò dídì ni ọ̀pọ̀ òyìnbó ń bẹ̀rù tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tiwa tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rin, tí epo àti eruku ọ̀gbẹlẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀, òun náà ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n dá mẹkáníìkì oní-fíúsì lóhùn, nítorí òun ni ó bà mí lẹ́rù jù nínú àwọn mẹ́ta. Òtítọ́ ni pé bí a bá yọ fíúsì ABS, bíréèkì lásán yóò ṣì máa mú ọkọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìwòyí, ọpọlọ yìí kan náà ni ó ń pín agbára bíréèkì láàrin ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ojú kan bá fọ́, ó ṣì lè máa fi àwọn tó kù ṣe ìwọ̀nba ìyẹn. Bí a bá yọ oúnjẹ kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè kọ́kọ́ dì kí ti iwájú tó dì, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá sì kọ́kọ́ dì lórí ilẹ̀ tútù, yíyí ni yóò yí. Ẹ ro ti Aṣejire nínú òjò, pẹ̀lú aláìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Láfikún, sikánà kò lè bá ọpọlọ tí a ti pa sọ̀rọ̀. Ẹni tó yọ fíúsì ti dá ẹjọ́, ó sì ti di ẹlẹ́rìí lẹ́nu.

Àwọn mìíràn kì í yọ fíúsì, gílóòbù ni wọ́n ń yọ. Àwọn mìíràn a sì lẹ tépù dúdú mọ́ ojú rẹ̀ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ti bá irú tépù bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ẹni tó rà á ń fi yangàn pé kò ní iná ẹ̀sùn kankan. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtíì sítáàtì ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù dáadáa. Ó yẹ kí iná ABS àti iná ọkọ̀ tí ń yọ̀ tàn fún ìwọ̀nba àkókò díẹ̀, kí wọ́n sì kú. Èyí tí kò bá tàn rárá, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé níbo ni ó wà.

Kí ẹ má baà rò pé mo gbọ́n ju àwọn tí mo ń bá wí lọ, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ara mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, iná yìí kan náà tàn nínú ọkọ̀ tèmi. Mo ti di sípánà mú fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, ojú sì ń tì mí láti bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ladipo ní Mushin, mo ra pọ́ǹpù ABS tòkunbọ̀ pẹ̀lú ọpọlọ rẹ̀, mo gbé e wálé bí ọmọ tuntun. Mo tú ti àtijọ́, mo de èyí mọ́ ọn, mo fa afẹ́fẹ́ jáde nínú bíréèkì títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo sítáàtì ọkọ̀, mo yí agbègbè ká lẹ́ẹ̀kan. Iná náà tàn, ó ń wò mí lójú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sínú ọkọ̀ náà, mo ń tẹ bíréèkì kí n lè gbọ́ bóyá pọ́ǹpù ń dún. Ọmọ iṣẹ́ mi kan tí kò tíì lo ọdún kan lọ́dọ̀ mi ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún bíréèkì yẹn tẹ̀." Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Iná ẹ̀yìn kò tàn, sà." Mo ní kí ó gbájú mọ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ó gbá díẹ̀, ó tún ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, méjèèjì ni kò tàn."

Súwíìṣì kékeré kan wà lókè ibi tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Òun ni ó ń tan iná pupa ẹ̀yìn. Òun kan náà ni ó ń sọ fún ọpọlọ pé awakọ̀ ti tẹ bíréèkì. Nígbà tí ó bàjẹ́, ọpọlọ ń rí i pé epo bíréèkì ń le nínú páìpù, súwíìṣì sì ń búra pé ẹnìkan kò tẹ nǹkan kan. Ẹ̀rí méjì kò bá ara mu, ọpọlọ sì ti ìsọ̀ rẹ̀. Owó súwíìṣì náà kò tó owó tí mo fi wọ ọkọ̀ lọ sí Ladipo àti àbọ̀.

Owó pọ́ǹpù dùn mí, n kò jẹ́ purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí n jí lóru kì í ṣe owó. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi wa ọkọ̀ náà lọ sí Ṣágámù àti àbọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, pẹ̀lú trélà lẹ́yìn mi, tí kò sí ẹni tí ó lè mọ ìgbà tí mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà ń wí fún mi láràárọ̀, èmi ni n kò gbọ́. Ọmọ tó ń gbálẹ̀ yẹn kò gbálẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìdí ẹ́ńjìnnì ni mo fi í sí.

Nítorí náà, nígbà tí iná yìí bá tàn, ẹ kọ́kọ́ wo bí ó ṣe tàn. Bí ó bá ń ṣẹ́jú pàkàpàkà fún ìgbà díẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tàbí ní kọ́nà, kò sí àrùn kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe, ó ń sọ fún yín pé ilẹ̀ ń yọ̀, ẹ rọra. Èyí tí ó tàn tí kò ṣẹ́jú ni ẹ̀sùn. Bí iná bíréèkì pupa bá tún tàn kún un, ẹ má ṣe rìn síwájú mọ́. Ẹ dúró, kí ẹ wo epo bíréèkì, kí ẹ sì pe ẹni tí yóò wò ó níbi tí ẹ wà.

Ẹ wo bọ́tìnnì rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní bọ́tìnnì tí a fi ń pa á, orúnkún tàbí ọwọ́ ọmọdé sì lè tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin kan wa ọkọ̀ rẹ̀ wá bá mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí iná yìí. Mo na ọwọ́, mo tẹ bọ́tìnnì, iná kú. Ọkùnrin náà kò dúró jẹun.

Táyà ńkọ́? Ènìyàn a ra táyà kan ṣoṣo nítorí pé owó kò tó mẹ́rin, fọkanáísà a sì bá a wá èyí tó sún mọ́ ọn. Táyà tó kéré ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ń yí ju wọ́n lọ lójú ọ̀nà kan náà. Èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ọpọlọ lè rò pé ẹsẹ̀ yẹn ń yọ̀. Bátìrì tó ti gbó pẹ̀lú ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀: bí iná rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù nígbà tí a ń sítáàtì, ọpọlọ lè ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Bí ẹ bá sì tú orí bátìrì, nínú àwọn ọkọ̀ kan, sẹ́ńsọ̀ tó wà nídìí sítíárì máa ń gbàgbé ibi tí àárín wà. Àwọn kan á rántí lẹ́yìn tí a bá yí sítíárì dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, tí a sì rìn gban-anran díẹ̀. Àwọn mìíràn, àfi sikánà.

Ẹ̀yin onímọ́tò Toyota àti Lexus, bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn pọ̀ mọ́ ti VSC, ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn, bí ẹ́ńjìnnì bá ti ní ẹ̀sùn, a máa ti VSC mọ́lẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá kò lè gba àṣẹ pé kí ó rọra. Mo ti rí ibi tí ó jẹ́ pé ìdérí táńkì epo tí kò dé dáadáa ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá dára, ó di ọ̀rọ̀ sikánà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Sikánà kékeré olówó pọ́ọ́kú tí ń ka ẹ́ńjìnnì nìkan kì í rí inú ABS. Mẹkáníìkì á kì í bọ ọkọ̀, kò ní rí nǹkan kan, á wá ní, "Ẹ ò rí i? Kò sí ẹ̀sùn, pọ́ǹpù ni." Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó pé, ǹjẹ́ tirẹ̀ ń ka ABS? Ẹ̀sùn tí lẹ́tà C bá ṣáájú rẹ̀ ni ó jẹ́ ti ẹsẹ̀ àti bíréèkì. Ti ẹ́ńjìnnì ni P ń ṣáájú. Ẹ má sì jẹ́ kí ó dúró síbẹ̀. Bí sikánà bá dárúkọ sẹ́ńsọ̀ ẹsẹ̀ kan, kò tíì sọ pé sẹ́ńsọ̀ náà ni ó kú; wáyà rẹ̀ lè já, òrùka rẹ̀ lè sán, bíárìn lè ti gbó. Kí ẹnìkan máa wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́, bí ogún kìlómítà ní wákàtí, kí ẹnìkejì máa wo iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú sikánà. Èyí tí ó wà ní òdo nígbà tí àwọn yòókù ń sọ ogún, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé jáàkì lọ. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ti ìlú oníyìnyín wá, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà níbẹ̀ ti lè jẹ òrùka onírin náà kí ọkọ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo ti yọ èyí tí ó fọ́ sí méjì lọ́wọ́ mi bí èèpo ẹ̀pà.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kò gba sikánà, òun ni mo sì máa ń kọ́kọ́ béèrè: kí ni ẹ ṣe sí ọkọ̀ náà kí iná tó tàn?

Ẹ padà sínú lẹ́tà tíṣà. Ní ojú ewé kẹrin, lẹ́yìn tí ó ti kí mi pé ó dìgbà, ó fi ìlà méjì péré kún un pé ọkọ̀ náà kò ní ìtàn àìsàn, àfi pé ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú ìrìn Ìbàdàn yẹn, ẹsẹ̀ iwájú lọ́wọ́ òsì ń kùn bí oyin, mẹkáníìkì àdúgbò sì ti bá a pààrọ̀ bíárìn rẹ̀. Ìlà méjì yẹn ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun méjì ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá pààrọ̀ bíárìn ẹsẹ̀. Bí bíárìn náà bá jẹ́ irú tó ní mágínẹ́ẹ̀tì lára, ẹni tí kò mọ̀ lè kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Yóò wọlé geere, kò sì ní kùn, ṣùgbọ́n ojú kò ní rí nǹkan kà. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ tàbí irin ìdìwé tín-ín-rín kàn án kí ẹ tó gbá a wọlé. Ẹ̀gbẹ́ tó bá fà á ni ó gbọ́dọ̀ kọjú sí sẹ́ńsọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èyí ni, ọjọ́ náà gan-an ni iná ìbá tàn, kò ní dúró di ọjọ́ kẹfà. Èkejì ni pé, kí a tó lè tú ẹsẹ̀, a ní láti tú ìdè kékeré tó mú wáyà sẹ́ńsọ̀ mọ́ ara irin. Bí a kò bá dè é padà, wáyà náà á rọ̀, á máa kan táyà nígbà tí a bá kọ́nà, táyà á sì máa họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá já pátápátá, iná kì í sábà kú nígbà tí a bá tún ọkọ̀ sítáàtì. Èyí tí ó já ní ìlàjì, tí àwọn okùn inú rẹ̀ ṣì ń kan ara wọn nígbà tí ọkọ̀ dúró, tí wọ́n sì ń yà nígbà tí ó bá kó sí gálọ́ọ̀pù, òun ni ó ń kú tí ó ń jí. Ohun tí tíṣà sọ gan-an nìyẹn.

Aláìsàn kò lè dúró de ìwé ìròyìn, nítorí náà mo pè é lórí fóònù. Mo ní kí ó yí sítíárì sí ọ̀tún dé òpin, kí ó tẹ̀ba, kí ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú lọ́wọ́ òsì. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi pè mí padà. Ó ní, "Bàbá, wáyà dúdú kan wà níbẹ̀ tí táyà ti bó lára, mo ń rí bàbà inú rẹ̀."

Mo ní kí ó má bá ẹnikẹ́ni jà, kí ó mú ọkọ̀ náà lọ bá ẹni tó pààrọ̀ bíárìn. Ó lọ. Ó ní ọkùnrin náà tẹ̀ba, ó wò ó, kò sọ̀rọ̀. Ó wọ inú ìsọ̀ rẹ̀ lọ, ó da agolo nọ́ọ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣa ìdè kékeré kan jáde nínú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí òun rí i nílẹ̀, òun kò mọ ọkọ̀ tí ó ti jábọ́. Kò gba owó iṣẹ́. Tíṣà ra sẹ́ńsọ̀ tuntun pẹ̀lú wáyà rẹ̀, owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí mẹkáníìkì pọ́ǹpù pè.

Nígbà tí wọ́n dè é tán, iná ṣì tàn, ọkàn tíṣà sì tún pami. Mo ní kí ó fara balẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà díẹ̀. Ọpọlọ àwọn ọkọ̀ kan ń fẹ́ rí i pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti yí kí ó tó ṣí ìsọ̀ rẹ̀ padà, bí kò bá sì ṣí i, kí rewáyà fi sikánà pa ẹ̀sùn àtijọ́ rẹ́. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n dorí kọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Jèṣà. Ó ní òun kò fẹ́ wo dáṣíbọ́ọ̀dù, ojú ọ̀nà ni òun ń wò. Ìyàwó rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ pé, "Bàbá Bọ́lá, iná yín ti kú."

Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé nípa ẹ́ńjìnnì tí ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, mo ti rí ìwé yín. Tiyín ni ó kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.